Ẹ bi ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ léèrè ohun tí oògùn náà ń ṣe lára rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn òǹkàwé yín ti ń jiyàn lójú ìwé yìí lórí oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ní ilé ìwòsàn. Àwọn kan ní májèlé ni, pé ṣe ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí kò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí alẹ́. Àwọn mìíràn sì dá wọn lóhùn pé kí aláìsàn ṣáà gbé oògùn rẹ̀ mì kí ó dákẹ́. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe apoògùn. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ní Ìṣẹ́yìn, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, sì ti ń lo oògùn ọpọlọ fún ọdún 14 báyìí. Ọwọ́ mi ni àpò oògùn rẹ̀ wà láti ọjọ́ kìíní. Mo ti rí i pé oògùn náà gbà á là, mo sì ti rí i pé ó pa á lára, ohun tó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju pé ká mọ ohun tó ń ṣe lára ẹni tó ń gbé e mì, ká sì tètè sọ ọ́ fún dókítà tó kọ ọ́. Nínú gbogbo iyàn tí mo kà, n kò rí ibi tí ẹnì kan ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Òfì ni àbúrò mi ń hun. Nígbà tí àìsàn náà kọ́kọ́ dé, ó ní òun ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń bú òun láti inú òwú, kò sì fojú kan oorun fún òru mẹ́fà. A gbé e dé ilé àdúrà, a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan tó jìnnà sí wa díẹ̀, níbi tí wọ́n ti fún un ní haloperidol. Ọjọ́ mẹ́ta kò pé tó fi sùn, àwọn ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ ṣàdédé yí sí òsì, ó sì há síbẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì yí sókè bí ẹni tó ń wo àjà, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, kò lè dá a padà sẹ́nu, òkèlè àmàlà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá wa figbe ta pé ayé ti ṣe ọmọ òun. A ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí orí òkè àdúrà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wa wọlé, tó béèrè irú oògùn tó ń lò, tó sì ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí kíákíá. Abẹ́rẹ́ kan péré ni wọ́n gún un. Kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọrùn náà ti padà sáyè rẹ̀, ó sì ń béèrè omi.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún wa lóru ọjọ́ náà ló yẹ kí a ti gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ oògùn náà fún wa. Ó ní haloperidol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa mú kí iṣan há báyìí, pàápàá lára ọ̀dọ́mọkùnrin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tàbí tí wọ́n bá fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní oògùn tó ń tú u wà, benzhexol tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó sì ní kì í ṣe àmì pé àìsàn náà ń le sí i. (Artane fúnra rẹ̀ kì í ṣe oògùn tí a ń gbé mì bí ẹ̀pà. Ó ń mú ẹnu gbẹ, ó ń mú ìgbẹ́ le, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè da orí ènìyàn rú.) Bí ẹnì kan bá ti sọ gbólóhùn mẹ́ta yẹn fún ìyá wa tẹ́lẹ̀, kì bá tí sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún bá mi lójijì. Oògùn tó kọ́kọ́ jáde nínú ìran yìí ni chlorpromazine, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Largactil. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é ní ìparí ọdún 1950, àwọn dókítà ní Paris sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní 1952. Haloperidol jáde ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1958. Ọpọlọ ní èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine, tó fi ń rán iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú rẹ̀. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ohùn tí kò sí fi ń rọlẹ̀ tí ìfura tí kò nídìí fi ń dín kù. Ṣùgbọ́n dopamine kan náà yìí ni ọpọlọ tún fi ń darí ìrìn, tó fi ń darí bí ọwọ́ ṣe ń gbé nǹkan àti bí ojú ṣe ń rẹ́rìn-ín. Bí a bá dí ọ̀nà náà jù, ara a máa le gbagidi, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ a sì máa wọ́ nílẹ̀. Ìdí òfì ni mo ti ń mọ̀ ọ́n lára àbúrò mi: bí ọkọ̀ òwú bá ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan, mo ti mọ̀ pé ìwọ̀n oògùn náà ti pọ̀ jù fún un, a ó sì wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ó tó di pé òun fúnra rẹ̀ kọ oògùn sílẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ara líle yìí ni èyí tí mo ń pè ní àìlèjókòó, òun ló sì tàn mí jẹ jù lọ. Ní ọdún kejì, àbúrò mi kò lè jókòó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nídìí òfì. Á dìde, á rìn dé ẹ̀yìnkùlé, á padà, á tún dìde; ní òru, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yé rọ́ lórí ẹní. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní inú òun ń hó. Mo ní wèrè náà ti ń padà bọ̀, mo sì fi ààbọ̀ hóró kún oògùn rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ṣe ni ó le sí i. Mo tún fi ààbọ̀ mìíràn kún un. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti ń sọ pé ikú sàn fún òun ju irú ara yìí lọ. Oògùn gan-an ló fa àìlèjókòó náà, èmi sì ń da epo sí iná. Dókítà dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì yí i padà díẹ̀díẹ̀ sí risperidone, oògùn mìíràn nínú ìran yìí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti ń sùn. Ẹ̀bi mi ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe ohun tí mo ṣe yìí lónìí. Ẹ má ṣe fi kún un, ẹ má sì dín in kù, láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ sí i.

Ní ti agbo, n kò ní bá àwọn tó ń fi baba wa ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́gbẹ́. Asọféyẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn fi ń tọ́jú wèrè, ní èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine nínú, èyí tí àwọn oyinbo kọ́kọ́ yọ lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, tí àwọn náà sì fi tọ́jú alárùn ọpọlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, tó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká kí wọ́n lè máa gbé láàárín ènìyàn, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nítorí náà, agbo kì í ṣe omi lásán, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Asọféyẹjẹ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń kun ènìyàn lóorun. Àwọn oògùn ilé ìwòsàn yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan, tó fẹ́ràn ọmọ náà dọ́kàn, ń fún un ní ife agbo kan ní ìdájí láìsọ fún mi, títí tó fi dìde lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ojú àpá náà wà níwájú orí rẹ̀ dòní. Igbó, ọtí àti tramadol kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ti sìgá: èéfín rẹ̀ ń mú kí ara tètè lo clozapine àti olanzapine, oògùn ọpọlọ méjì mìíràn, tán, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣàdédé jáwọ́ nínú sìgá mímu, tó sì yẹ ká kí i kú oríire, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀, kí oògùn tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ má baà di àpọ̀jù sí i lára.

Ìgbà tó burú jù lọ nínú ọdún 14 yìí dé nígbà tí gbogbo wa rò pé wàhálà ti tán. Àbúrò mi ti gbéyàwó, ó ń hun aṣọ fún àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn, risperidone sì bá a lára mu lójú wa. Lójijì ó dákẹ́, oorun tún sá fún un, kò sì pẹ́ tó fi jáde nílé lóru. Ọjọ́ kejì ni a rí i ní ọ̀nà Òkèihò, láìwọ bàtà. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún mi pé ó ti tó oṣù méjì tí òun ti ń ju hóró oògùn náà sẹ́yìn ilé, nítorí pé láti ìgbà tí òun ti ń lò ó, òun kò ṣe bí ọkùnrin mọ́ lọ́dọ̀ ìyàwó òun. Ó ní báwo ni òun ṣe máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọdébìnrin, tí èmi ẹ̀gbọ́n òun sì jókòó tì í? Risperidone a máa gbé èròjà kan tó ń mú ọmú yọ omi sókè nínú ara. Ó lè ba agbára ọkùnrin jẹ́, ó sì lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró tàbí kó mú omi ọmú jáde lára ẹni tí kò bímọ. Dókítà mọ èyí, ó sì ní ohun tó lè ṣe sí i, yálà kí ó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kí ó yí oògùn padà. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ló gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ wa, tó sì gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí dídá oògùn dúró, nítorí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè má rí oorun sùn, èébì lè máa gbé e, ara rẹ̀ sì lè máa wá rìrì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àìsàn gan-an sì lè má padà títí ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan yóò fi kọjá. Àlàfo yìí ló ń tàn wá. Ènìyàn á dá oògùn dúró ní oṣù kẹta, ara rẹ̀ á le koko ní oṣù kẹrin, á ní ẹ ò rí i, n kò nílò rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àìsàn náà bá wá padà ní oṣù keje, ará ilé á ní ọ̀tá ló tún débẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí àìsàn yìí bá ṣe ènìyàn, àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ kí ó lo oògùn fún ọdún kan sí méjì ó kéré tán lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá. Ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fẹ́ fi dáwọ́ dúró sì lè lágbára. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in, fún ọ̀pọ̀ oṣù, pẹ̀lú dókítà, kí ẹnì kan nínú ilé sì máa ṣọ́ oorun rẹ̀. Aboyún náà kò gbọ́dọ̀ dá oògùn tirẹ̀ dúró kó tó di pé ó sọ fún dókítà pé òun lóyún.

Ìwọ̀nba ni mo ní láti sọ lórí abẹ́rẹ́ olóṣooṣù. Inú òróró ni wọ́n po àwọn kan nínú wọn sí, bíi fluphenazine tí a mọ̀ sí Modecate, tí ó fi ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣan fún ọ̀sẹ̀ méjì títí dé oṣù kan. Ó rọrùn fún ẹni tí ìgbàgbé ń bá jà, ṣùgbọ́n bí a bá ti gún un tán, kò ṣe é yọ padà bí wàhálà bá dé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi sábà ń kọ́kọ́ gún ìwọ̀n kékeré láti fi dán ara wò, ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ ra á ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kí ó ní kí wọ́n gún un fún aláìsàn òun nítorí pé kò jẹ́ kí wọ́n rímú mí.

Ní ilẹ̀ wa, ibà ni gbogbo ara gbígbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹni tó ń lo oògùn ọpọlọ kúrò nínú òfin yìí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tí ara náà sì le bí igi, tó ń làágùn yọbọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ẹ má ra oògùn ibà, ẹ má fún un ní èyí tó kàn nínú oògùn ọpọlọ náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn ọpọlọ náà ló lè fà á; kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Ẹni tó ń lo clozapine ní ìkìlọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀: oògùn náà lè pa àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbógun ti àrùn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ún tí ara rẹ̀ sì gbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Bí kò bá sì lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó má ka èyí sí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí clozapine lè dá ìfun dúró.

Oògùn tuntun kì í sì í ṣe oògùn tí kò ní èérí. Olanzapine, tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn nítorí pé kì í sábà mú ara le, a máa mú ebi pa ènìyàn lọ́nà tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé àbúrò mi bọ́ sórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Òkèihò, ó fi kílò 11 sanra láàárín oṣù márùn-ún, àwọn ará àdúgbò sì ń kí wa pé ara rẹ̀ ti dára. Kò dára. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa tún un wò lóòrèkóòrè. Oṣù karùn-ún ni wọ́n tó yẹ tiwa wò, torí pé èmi ni mo béèrè.

Ohun kan wà tó ń bà mí nínú jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan àbúrò mi. Mo ti rí ilé méjì ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń fún ìyá arúgbó tó ń ṣarán ní haloperidol tó ṣẹ́ kù nínú oògùn ẹlòmíràn, kí ó lè sùn kí àwọn ọmọ sì ráyè sùn. Mo mọ bí àìsùn ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n láti 2005 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ sára àwọn oògùn tuntun nínú ìran yìí pé wọ́n ń tètè pa arúgbó tó ń ṣarán, wọ́n sì fa ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ògbólógbòó lẹ́yìn náà. Oògùn ẹnì kan kì í ṣe oògùn ilé.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwòsàn kò lówó nínú. Ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ kò sì tóbi ju èèrà lọ. Kí wọ́n tẹ ojú ewé kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá fún oògùn kọ̀ọ̀kan: ohun tó ń ṣe, ohun tó lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí a ń torí rẹ̀ sáré wá, iye tó yẹ kí a lò. Kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ti nǹkan oṣù fúnra wọn, ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹni náà má baà máa wá ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Kí wọ́n béèrè pẹ̀lú bóyá ó ń gbààwẹ̀, nítorí nínú oṣù Rámádàánì àti nígbà ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ń fo oògùn láìsọ, nígbà tó jẹ́ pé dókítà lè bá wọn gbé e sí àkókò sààrì àti ìṣínu. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tí orísun rẹ̀ wá láti 1916, tí kò mọ̀ ju ká ti ènìyàn mọ́lé lọ. A ti kúrò nínú ayé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú òfin, kí a kúrò nínú rẹ̀ ní yàrá dókítà náà.

Mo ka lẹ́tà yìí fún àbúrò mi kí n tó fi ránṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó gbà pé kí n sọ ti ìyàwó rẹ̀ àti ti ọ̀nà Òkèihò. Ó ní nǹkan kan péré ni mo gbàgbé: pé láti ọdún 14 tí a ti jọ ń lọ sí kílíníìkì, bí a bá ti jókòó tán, èmi ni dókítà máa ń kọjú sí, tí yóò sì béèrè pé, «Ṣé ó ń sùn dáadáa?»

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìṣẹ́yìn.